Ìtìjú ọ̀pá funfun: ta ló ti gbé e jáde rí nínú ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n?

Oníṣọ̀nà (Ọ̀yọ́) béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀. Bí àmì ohùn bá ṣìnà, òun ni kí ẹ bá wí. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra mi, àmọ́ ohùn tó ń kàwé fún mi nínú fóònù ń pe Yorùbá bí òyìnbó tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́, ìkan náà ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìbéèrè mi ò gùn. Ọ̀pá funfun kan, irú èyí tí ẹni tí kò ríran fi ń wá ọ̀nà, ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi láti oṣù mẹ́rin. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń kàwé ní Special, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ló mú un wá fún mi. Mi ò tíì gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Ta ló ti gbé e jáde rí nínú ìlú tí wọ́n bí i sí, tí gbogbo èèyàn mọ bàbá ẹ̀? Báwo lẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Àlàyé ẹ̀ ló gùn, ẹ fara balẹ̀.

Iṣẹ́ awọ ni iṣẹ́ ilé wa. Bàbá mi ló kọ́ mi: àpò, tìmùtìmù, àkọ̀ ọ̀bẹ, bàtà, gàárì ẹṣin. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń lu ihò sára awọ, ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹni ọdún 43 ni mí báyìí.

Ọ̀rọ̀ ojú yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2018. Kò dùn mí. Ojú ò pọ́n, kò yún, kò ṣepin. Àṣé ibi tó ti burú nìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé èjìká mi ń gbá férémù ilẹ̀kùn. Mò ń kọ lu àwọn ọmọdé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà tó yá, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé: wọ́n ní mo ti ń gbéraga. Ẹ sì mọ Ọ̀yọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó o bá kọjá níwájú àgbà láìkí i, ọ̀rọ̀ ẹ á ti délé kó o tó délé. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà tó máa ń jókòó síwájú ilé wọn, lápá òsì ọ̀nà tí mò ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Odidi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń kọjá lára bàbá yìí, mi ò kí wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá mi pé owó díẹ̀ tí ọmọ ẹ̀ rí nínú awọ ló ń gùn ún. Ìyá mi bá mi jà. Mo búra pé mi ò rí bàbá náà. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́, èmi alára ò sì fi bẹ́ẹ̀ gba ara mi gbọ́, torí pé mò ń rí òlu, mò ń rí ihò abẹ́rẹ́, mò ń rí ìlà tí mo fà sórí awọ. Iwájú mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń lọ.

Kẹ́míìsì ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n tà mí ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, mo sì kán an fún ọdún kan ó lé. Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Ìbàdàn, ó gbọ́ orúkọ oògùn náà, ó kàn mirí ni. Ó ní steroid wà nínú ẹ̀, pé bí èèyàn bá ń kán irú ẹ̀ pẹ́, òun gan-an lè dá kún ohun tó ń ṣe ojú. Ó wọn ojú mi, ó ní glaucoma ni. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rèé: omi kan wà nínú ẹyinjú, ó ń wọlé, ó ń jáde. Tí ọ̀nà àbájáde ẹ̀ bá dí, omi náà á máa ti ẹyinjú látinú, iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Èyí tó bá ti kú, kì í jí mọ́.

Mo ní iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ṣebí wọ́n ṣe é fún màmá kan ládùúgbò wa, tí wọ́n ń ka Bíbélì báyìí? Ó ní ti màmá yẹn, cataract ni, awò ojú ló di funfun, ìyẹn ṣe é yọ. Tèmi, gbogbo ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe ni kó bá mi di èyí tó kù mú. Ojú ọ̀tún ti lọ nígbà yẹn. Wọ́n ṣe ti òsì, ó bá mi dúró díẹ̀, òun náà lọ ní 2022. Ní báyìí, mo mọ̀gbà tí iná bá tàn, mo sì mọ apá ibi tí fèrèsé wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún kan tó tẹ̀ lé e, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ níbẹ̀. Mo kọjú sí ògiri. Ìyàwó mi á gbé oúnjẹ wá, á tún gbé e lọ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àdúrà mi lálaalẹ́ ni kí ilẹ̀ má mọ́ bá mi. Ohun tó gbé mi dìde kì í ṣe ìwàásù o. Àpò ìwé ọmọ mi yìí ló já. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi rán an." Ṣé ó gbàgbé pé ojú mi ti lọ ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, kò tíì sọ fún mi dòní. (Mi ò gbàgbé. Èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ ni.) Mò ń bú u nínú, ọwọ́ mi sì ti wà lára awọ. Àtàǹpàkò mi ti rí ojú ibi tó ti tú. Mo rán an. Ó wọ́, àmọ́ kò tíì já títí dòní.

Bí mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kì í fi bíírò fa ìlà fún mi mọ́, ẹ̀yìn òlu ló fi ń tẹ ìlà náà wọnú awọ, kí ìka mi lè tọ̀ ọ́. Àkọ̀ ọ̀bẹ, àpò kékeré, mò ń ṣe wọ́n. Tìmùtìmù ṣì le fún mi.

Inú ilé kọ́ ni ìṣòro. Ìta ni. Bí ìyàwó mi bá mú mi lọ́wọ́ jáde, òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ṣé wọ́n ti jẹun?" "Ṣé wọ́n máa jókòó?" Èmi rèé níbẹ̀, etí mi ò sì di. Mo wá ní kí n máa dá jáde. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó: nílẹ̀ wa, ta ni wọ́n mọ̀ mọ ọ̀pá? Alágbe ni. Ọmọdé kan á di orí ọ̀pá mú níwájú, ẹni tí ojú ẹ̀ fọ́ á di ìdí ẹ̀ mú lẹ́yìn, wọ́n á máa kọrin lọ. Bàbá mi rán gàárì fáwọn ìjòyè. Kí ọmọ wọn wá máa fi ọ̀pá kanlẹ̀ lọ sí ọjà Àkẹ̀sán?

Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ Àkẹ̀sán yẹn. Àkẹ̀sán àtijọ́, bí wọ́n bá di ojú mi nígbà tí mo ṣì ń ríran, mo lè bá yín rin gbogbo ẹ̀ já, látọ̀dọ̀ alátẹ títí dọ́dọ̀ onígbá. Ṣùgbọ́n ó jóná ní oṣù kìíní 2020. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un kọ́, ojú mi ti ń lọ, mi ò rí tuntun náà dáadáa kó tó di pé ilẹ̀ ṣú. Ọjà tó wà lórí mi, ọjà tó ti jóná ni.

Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹlẹ́sẹ̀ Kan (Ògbómọ̀ṣọ́) dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, arákùnrin mi. Kì í ṣe ojú ni tèmi, ẹsẹ̀ òsì ni. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló jẹ ẹ́, ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, tí àjàgbé àti ọ̀kadà jọ ń fi ojú títì kan ṣoṣo ṣeré. Ẹsẹ̀ náà ò bá má lọ o. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń to egungun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, ó dì í, ó dì í le ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ò rí ibẹ̀ dé mọ́. Nígbà tí wọ́n máa gbé mi dé ilé ìwòsàn, ìka ẹsẹ̀ ti dúdú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀pá méjì tí mò ń fi sábẹ́ abíyá, èmi náà fi pa mọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí mo ṣe rèé. Mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìlọrin, mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, níṣojú àwọn tí mi ò ní tún rí láyé. Ọ̀kan nínú ẹ̀, inú àtẹ ata ni mo ṣubú sí. Nígbà tí mo fi máa padà sí Takíe nílùú wa, mo ti ṣubú tán.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ẹ kúrò ní Ọ̀yọ́ ná. Ẹ lọ kọ́ ọ níbi tí wọn ò ti mọ ẹ̀yin àti bàbá yín.

Ẹ̀yin ò tiẹ̀ béèrè, àmọ́ ó máa ṣẹlẹ̀ sí yín: àwọn kan ò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń bá wọn jà. Ní báyìí mo máa ń ní ẹ ṣé. Kì í ṣe gbogbo ìjà ni mo ní ẹsẹ̀ fún.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ààràdá, Ògbómọ̀ṣọ́) dáhùn:

Ẹlẹ́sẹ̀ Kan, ẹ má bínú sí mi, ojú yín ló gbà yín níyẹn. Ẹni tó ríran ló lè lọ kọ́ ìrìn nílùú onílùú. Ẹni tí kò bá ríran, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mọ ilẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹ́ kí bàbá Ọ̀yọ́ yìí lọ bá gọ́tà Ìlọrin pàdé ni?

Ìgbóná ló gba ojú tèmi, wọ́n ní ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Mi ò rántí ìmọ́lẹ̀ kankan. Èlùbọ́ ni mò ń tà. Ìlú tí wọ́n ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan ni mo sì ti ń tà á, ọjà mi kì í kùtà. Àtàǹpàkò ni mo fi ń mọ̀ èyí tó kúnná, imú ni mo fi ń mọ̀ èyí tí òjò ti pa. Ẹni tó bá po láfún mọ́ èlùbọ́ gbé wá fún mi, kó tó sọ àpò kalẹ̀ ni màá ti sọ fún un pé kó gbé e.

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ìtìjú tó ń pa yín yẹn, ojú lẹ fi kọ́ ọ. Ẹ ti rí alágbe tó ń fọ̀pá kanlẹ̀, ẹ sì ti wò ó bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Òun lẹ fi ń wo ara yín. Èmi ò rí alágbe rí. Mi ò mọ bó ṣe ń rí, torí náà n kò mọ̀ pé mo jọ ọ́.

Ti owó nìkan ni kí ẹ mójú tó. Àádọ́ta náírà kúrú, ó kéré, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ọgọ́rùn-ún títí dé ẹgbẹ̀rún, gígùn kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ mọ ìyẹn dáadáa. Ẹnì kan fi igba náírà san ẹgbẹ̀rún fún mi rí, ó tún gba ṣéńjì. Látìgbà náà, owó tó bá wọ ọwọ́ mi, ọmọ tó jókòó tì mí á pè é sókè létí ẹni tó mú un wá, lẹ́yìn náà ni màá ká a: igba, mo ká a sí méjì; ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mo ká a sí mẹ́ta; ẹgbẹ̀rún, mo fi í sílẹ̀ gbọọrọ. Ìyàwó yín á mọ bó ṣe máa bá yín ṣe é.

Ìránṣẹ́ Rẹ̀ 7 dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gba ọ̀pá yẹn wọlé! Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ ti gbà fún ọ̀tá nìyẹn. Ẹ wá sórí òkè fọ́jọ́ méje péré. Ojú yín á là.

Oníṣọ̀nà dáhùn:

Ìránṣẹ́ Olúwa, ẹ ṣeun. Ìyá mi ti gbé mi gun òkè mẹ́ta. Mo gbààwẹ̀ títí ìgbànú mi fi wọ ihò tuntun, èmi fúnra mi ni mo fi òlu lu ihò náà. Àdúrà ṣì ń lọ lọ́wọ́, mi ò dá a dúró. Ṣùgbọ́n gọ́tà iwájú ilé wa kì í dúró de ìdáhùn.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Mo ní kí ọmọ mi tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni. Ọkùnrin kan wà tó máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun àti ọmọ tó ń fa ọ̀pá ẹ̀. Bàbá mi máa ń ní kí n gbé owó fún un. Màá jù ú sínú igbá láti òkèèrè, màá sì sáré padà. Mi ò kí i rí. Ọdún mélòó ni mo fi kọjá lára ọkùnrin yẹn láìkí i, ojú mi sì mọ́lẹ̀ roro.

Olùkọ́ Ìrìn (Owódé, Ọ̀yọ́) dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tí kò ríran bí wọ́n ṣe lè dá rìn. Special tí ẹ dárúkọ yẹn, 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀, ìlú wa níbí ló sì wà, síbẹ̀ èèyàn púpọ̀ ní Ọ̀yọ́ ń ra ọjà níwájú rẹ̀ láìmọ̀ pé ohun tí àwọn ń wá lọ sí Ìbàdàn wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtìjú. Ọ̀pá tí alágbe ń lò nílẹ̀ wa àti ọ̀pá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Biggs, ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó ti dàgbà, bíi tiyín. Ọkọ̀ pọ̀ ní títì àdúgbò rẹ̀, ẹ̀rù wọn sì ń bà á. Ní 1921, ó kun ọ̀pá rẹ̀ ní funfun kí awakọ̀ lè tètè rí i. Kò kùn ún kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀, ó kùn ún kí wọ́n lè yà fún un ni. Bí a sì ṣe ń jù ú sọ́tùn-ún sósì lónìí, àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà tí ogun gba ojú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́, ní 1944, ọ̀gá tó kọ́ wọn ni Richard Hoover.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ gbé ọ̀pá dúró níwájú yín, kí orí rẹ̀ dé egungun àárín àyà. Bí ó bá kúrú jù, ẹsẹ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ rí gọ́tà. Ẹ di í mú níwájú ìdodo, kí ọwọ́ dúró sójú kan, ọrùn ọwọ́ nìkan ni kó máa yí. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ síwájú, kí ẹnu ọ̀pá kan ilẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ọ̀tún bá ń lọ, kí ó kan òsì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbé lé tẹ̀ lé e ni ọ̀pá ń lọ wò. Kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju èjìká yín lọ. Ẹ máa ṣe é nínú àgbàlá títí tí ẹ kò fi ní ronú sí i mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pá kì í rí: ohun tó bá wà lókè. Okùn tí wọ́n fi so tapólì, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, etí agbòòrùn àwọn oníṣòwò. Nínú ọjà, ẹ gbé ọwọ́ kejì síwájú orí. Bí òjò bá sì ń rọ̀ sórí páànù, ẹ dúró. Òjò a máa gba etí lọ́wọ́ ẹni.

Ti ìyàwó yín: ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má mú yín lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ di apá wọn mú, lókè ìgúnpá díẹ̀, kí wọ́n ṣíwájú yín ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́ ni wọ́n ń béèrè oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó di apá ìyàwó rẹ̀ mú, ọkọ ni.

Mo tún gbọ́ pé oníṣẹ́ awọ ni yín, ó sì mú mi rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ̀ pé oníṣẹ́ gàárì àti ìjánu ẹṣin ni bàbá Louis Braille, nílẹ̀ Faransé? Ọmọ ọdún 3 ni Louis nígbà tí ó ń fi irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ṣeré, tó sì gún un lójú. Ní 1829, ó gbé ìwé jáde lórí ìkọ̀wé tí ìka ń kà, àmì kéékèèké tó yọ sókè lórí bébà, 6 péré, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Ẹ wá kí a gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń lu àmì náà sórí bébà fún yín. Ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá òlu ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló ká mi lára jù. Glaucoma a máa rìn nínú ìdílé. Ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín ti lọ wọn ojú wọn?

Oníṣọ̀nà dáhùn:

Rárá, wọn ò tíì lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn. Bàbá mi gan-an, nígbà tí wọ́n dàgbà, a máa fọwọ́ wá ògiri, a sì ń pè é ní ojú àgbà. Màá pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ òní.

Oníṣọ̀nà tún kọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí, mo wà o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi tán ná. Ó lọ. Tiẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan. Ó ń kán oògùn rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ báyìí. Ó ń rí gbogbo wa. Ó ní irun mi ti ń funfun.

Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú àgbàlá, mo lé gbogbo adìyẹ ilé wa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí àwọn ọ̀kadà tó pọ̀, mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn, mo ní kó jìnnà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó má sì sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá fẹ́ kú. Ilé dé ṣọ́ọ̀bù, ó tó irinwó ìṣísẹ̀. Nígbà tí mo ń ríran, mi ò kà á rí. Gọ́tà kìíní, mo rí i. Gọ́tà kejì, ọ̀pá wọ inú ẹ̀, mo dúró, òógùn bò mí. Pákó tí wọ́n fi dábùú ẹ̀ ti kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí, mo fi ọ̀pá wá a títí mo fi rí i.

Mo wá dé iwájú ilé ọ̀rẹ́ bàbá mi, bàbá tí mo ní mi ò kí yẹn. Mo ti pinnu ẹ̀ láti alẹ́. Mo yí sápá òsì, mo gbé ọ̀pá sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní wọ́n ṣì ń bínú ni. Mo tún kí wọn. Ẹ̀rín ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Ọmọ mi ní wọn ò tíì jáde. Àga ni mo kí. (Mo gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí.)

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, mo gbọ́ tí bàbá wúkọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, "Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Àga ti jíṣẹ́ tó o rán an." Wọ́n fà mí jókòó tì wọ́n. A ò sọ nǹkan púpọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde, wọ́n ní, "Odidi oṣù mẹ́fà, àṣé o ò rí mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jiyàn lórí Ìlọrin àti ilé, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ló jàre fún tèmi. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́sẹ̀ Kan, ọ̀rọ̀ yín wúlò fún mi nínú ọjà, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Àkẹ̀sán, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ. Mo ní kí ọmọ mi kọ́kọ́ mú mi rin ín lẹ́ẹ̀mejì, apá ẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n lè gbàgbé ọjà tó jóná, kí n kọ́ tuntun. Ìró ni mo fi ń kọ́ ọ. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran, ibi tí rédíò kan kì í ti í dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọlé. Okùn tapólì kan gbá mi níwájú orí lóòótọ́, Olùkọ́ Ìrìn, ọwọ́ mi ò sí lókè, ẹ̀yin lẹ jàre.

Mo dúró kí n fi etí wá ọ̀nà. Ni màmá kan bá ki nǹkan bọ̀ mí lọ́wọ́. Owó ni. Ó fẹ̀ ju àádọ́ta lọ. Ó ní, "Ẹ gbà, bàbá, ẹ fi ra nǹkan. Ọlọ́run á ṣàánú yín."

Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá rèé, ó sì dé sí mi lọ́wọ́ ní ọgbọọgba. Ara mi gbóná. Mo ti yanu kí n sọ̀rọ̀ burúkú, ni mo bá rántí ẹni tó ní kì í ṣe gbogbo ìjà ni òun ní ẹsẹ̀ fún. Ibi tí mo ti ń rò ó ni màmá náà ti tún sọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn, mo sì gbọ́ ohùn wọn dáadáa. Mo mọ ohùn yẹn. Mo ní, "Màmá, ṣé àpò aláwọ̀ pupa tí mo rán fún yín nígbà ìgbéyàwó àbúrò yín ṣì wà? Ẹ ṣì jẹ mí ní okùn ẹ̀."

Ẹ ò gbọ́ igbe tí màmá náà ké. Ó ní, "Yéè, ọmọ oníṣọ̀nà!" Gbogbo ìlà alátẹ yẹn ló gbọ́. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè ọmọ mi. Èmi ni wọ́n ń bi o. Ẹkún wọn gbẹ tán, wọ́n wá ní kí n dá igba náírà àwọn padà, pé àwọn ò mọ̀ pé èmi ni.

Mo ní ó ti wọ àpò mi. Àpò náà, èmi ni mo rán an, kì í tètè já.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ dáhùn:

Ẹ gbé igba náírà náà bọ̀ ní Ààràdá. Kò lè ra kóńgò kan, àmọ́ màá bá yín bù ú lé e. Kí ẹ rántí ká a sí méjì.